Bí A Ṣe Ń Wọn Afurasí àti Ìdí Ìpànìyàn Nígbà Tí Ikú Bá Ti Inú Ilé Wá

Nígbà tí ìròyìn bá jáde pé ọkọ kan tàbí ìyàwó kan kú ikú gbígbóná nínú ilé ara rẹ̀, àdúgbò kì í pẹ́ dá ẹjọ́ náà. Kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó dé, àwọn kan ti mọ ẹni tí ó ṣe é, wọ́n ti mọ ìdí tí ó fi ṣe é, àwọn mìíràn sì ti ń wá táyà. Òwe àwọn àgbà kan wà tí gbogbo wa mọ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ọgbọ́n wà nínú òwe náà, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ikú a máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ikú. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò lè fi òwe dá ẹjọ́ ẹni tí ó lè fi ẹ̀mí dí i. Yóò béèrè bóyá lóòótọ́ ni àjẹ́ ké, ta ni ó gbọ́ ọ, níbo ni ó wà nígbà tí ọmọ ń kú, àti bóyá kì í ṣe ibà ni ó pa ọmọ.

A kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹ lè mọ ọ̀nà tí ẹ̀sùn ìpànìyàn láàárín ẹbí ń gbà kọjá láti ọwọ́ ọlọ́pàá dé ọwọ́ adájọ́, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹnu yín, bí ó ti wù kí ó kéré tó lójú yín, fi lè di òpó tí ẹjọ́ náà dúró lé.

Ẹjọ́ Ìsọlọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2011. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kú nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọ̀bẹ ni ó pa á. Ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ọkọ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà, ọkùnrin náà sì sọ pé òun kò jẹ̀bi. Ìyàwó òun, ó ní, ni ó mú ọ̀bẹ nígbà tí àwọn ń jà. A kò ní í dárúkọ tọkọtaya náà níhìn-ín, nítorí pé àwọn ẹbí ìhà méjèèjì ṣì wà láàárín wa.

Kò sí ẹni tí ó fojú rí i nígbà tí ọ̀bẹ ń wọlé. Báyìí ni ó sábà máa ń rí. Ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà a máa ní ogún ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní yàrá a máa ní ènìyàn méjì péré, ọ̀kan nínú wọn ti kú, èkejì sì ni afurasí. Kí ni ilé ẹjọ́ yóò ṣe? Òfin wa kò sọ pé àfi kí ẹlẹ́rìí fojú rí i. Ó gba kí àwọn ohun kéékèèké tí ó yí ìṣẹ̀lẹ̀ ká kóra jọ, bí ìgbà tí ènìyàn ń so okùn kékeré mọ́ okùn kékeré títí yóò fi di ìjàrá, bí gbogbo wọn bá ti nawọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo tí kò sì sí àlàyé mìíràn tí ó mọ́gbọ́n dání.

Nínú ẹjọ́ yìí, okùn tí ó nípọn jù lọ ti ọwọ́ dókítà wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Obafunwa, tí ó ṣe àyẹ̀wò òkú náà, jẹ́rìí pé ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ 76 ni òun kà lára olóògbé. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà yẹn. Bí ènìyàn méjì bá ń ja ọ̀bẹ gbà, ọ̀bẹ lè gún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, ó lè gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ènìyàn lè ṣubú lu ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣubú lu ọ̀bẹ ní ìgbà 76, kò sì sí ìjàkadì tí yóò fi ọgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sí ara ẹnì kan kí ẹnì kejì sì wà láàyè láti ròyìn rẹ̀. Ìyẹn nìkan kò sọ orúkọ ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àlàyé pé èèṣì ni. Lẹ́yìn èyí, ìbéèrè tí ó kù kò pọ̀ mọ́: ta ni ó wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀? Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Adájọ́ Lateefat Okunnu dá ọkọ náà lẹ́bi, ó sì dájọ́ ikú fún un.

Ìdí yàtọ̀ sí èrò ọkàn

Ohun tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi dandan sọ ìdí tí olùjẹ́jọ́ fi pa ènìyàn. Ohun mẹ́ta ni òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: pé ẹni náà ti kú ní tòótọ́, pé ọwọ́ olùjẹ́jọ́ ni ikú náà ti wá, àti pé olùjẹ́jọ́ ní í lọ́kàn láti pa á tàbí láti ṣe é léṣe gidigidi, tàbí pé ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe lè yọrí sí ikú. Gbogbo rẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì tí ó mọ́gbọ́n dání, gẹ́gẹ́ bí abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ṣe là á sílẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí a ya ìdí sọ́tọ̀ kúrò lára èrò ọkàn. Ìdí ni ohun tí ó sún ènìyàn dé ibẹ̀: owú, owó, ilẹ̀ bàbá, ìyàwó tí ó fẹ́ kó jáde, ọkọ tí ó gbé ìyàwó mìíràn wálé. Èrò ọkàn ni ohun tí ó fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní wákàtí náà gan-an. Ẹni tí ó pa bàbá rẹ̀ nítorí ogún àti ẹni tí ó pa bàbá rẹ̀ láìsí ìdí tí ẹnikẹ́ni lè rí, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ lójú òfin. Ọgbẹ́ 76 kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Èrò ọkàn ni ó sọ.

Síbẹ̀, ìdí kì í ṣe ohun tí a lè jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òfin Ẹ̀rí gbà pé kí ilé ẹjọ́ gbọ́ nípa ìdí, nípa ìmúrasílẹ̀, àti nípa ìwà olùjẹ́jọ́ ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí kò bá sí ẹlẹ́rìí tí ó fojú rí i, ìdí a máa di bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Kì í ṣe òun ni ọbẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ẹni tí ń jẹun yóò béèrè. Bí ó bá sì wà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tàn yín jẹ, nítorí ìdí pọ̀ nílẹ̀ ju apànìyàn lọ. Nínú agbo ilé kan tí olórí ẹbí ti kú, ó lè jẹ́ pé ìyàwó ní ìdí, àbúrò tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ ní ìdí, ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé ní ìdí, ayálégbé tí wọ́n fún ní ìwé kúrò-nílé náà ní ìdí. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ó ṣe é. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó ṣe é.

Ibi tí ọlọ́pàá ti ń bẹ̀rẹ̀

Ìdí kọ́ ni ó yẹ kí aṣèwádìí tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ lé. Àǹfààní ni yóò kọ́kọ́ wò: ta ni ó lè wọlé, ta ni ó ní kọ́kọ́rọ́, ṣé wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn tàbí ẹni tí olóògbé mọ̀ ni ó ṣí i fún? Bí géètì bá wà ní títì láti inú, tí ọ̀dẹ̀ sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò wọlé, iye ènìyàn tí a lè fura sí ti dín kù. Ẹni tí wọ́n rí kẹ́yìn pẹ̀lú olóògbé ní àlàyé láti ṣe. Bí ó bá kọ̀ láti ṣàlàyé, tàbí tí àlàyé rẹ̀ ń yí padà láti àgọ́ ọlọ́pàá dé ilé ẹjọ́, adájọ́ lè kà á sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí àlàyé rẹ̀ bá mọ́gbọ́n dání, jíjẹ́ ẹni ìkẹyìn nìkan kò tó láti fi pa ènìyàn.

Ẹjọ́ mìíràn tí ó ti ìlú Àbújá wá fi èyí hàn dáadáa, ní ti pé ìyàwó ni olùjẹ́jọ́ níbẹ̀. Ọkọ kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Ìyàwó ní ó ṣubú lu ìgò ṣíṣà tí ó fọ́ ni. Wọn kò gbé ọ̀bẹ kankan wá síwájú adájọ́, kò sì sí àbájáde àyẹ̀wò òkú. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun tí ó yí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ká mú kí Ilé Ẹjọ́ Gíga dá a lẹ́bi ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún náà. (Àánú tí ìjọba àpapọ̀ wá ṣe fún un lẹ́yìn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rí.) Ẹ ṣàkíyèsí bí àwíjàre méjèèjì ṣe jọra: ó ṣubú lu ìgò, ọ̀bẹ gún un nígbà ìjàkadì. Àwíjàre bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò òkú fi ṣe pàtàkì, nítorí pé dókítà lè sọ ibi tí ọgbẹ́ ti wọlé, bí ó ti jìn tó, àti bóyá ọgbẹ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ tàbí apá olóògbé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ gba ọ̀bẹ.

Òfin Ètò Ìwádìí Ikú ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, pa á láṣẹ pé kí a fi ikú òjijì, ikú ipá àti ikú tí ó mú ìfura lọ́wọ́ tó aláṣẹ ìwádìí ikú létí. A mọ̀ pé ìsìnkú kíákíá jẹ́ àṣẹ ẹ̀sìn fún ọ̀pọ̀ nínú yín, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n òkú tí wọ́n sin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá a nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀ ti gbé ẹ̀rí rẹ̀ wọlẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó ń kánjú jù láti sin ín ni ó yẹ kí a bi léèrè. Bákan náà, aṣọ tí wọ́n fọ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n nù kì í jẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ìyá àgbà kan tí kò ní èrò burúkú kankan ni ó nu ilẹ̀ náà, nítorí pé kò fẹ́ kí àlejò rí ẹ̀jẹ̀.

Ti ìjẹ́wọ́ ńkọ́? Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ yìí sọ pé bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, kí wọ́n gba ohùn àti àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lórí fídíò, tàbí kí ó kọ ọ́ níwájú agbẹjọ́rò tí ó yàn. Ìjẹ́wọ́ tí a fi pàṣán gbà kò wúlò. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ìwẹ̀ òkú tí wọ́n ń fipá mú opó mu ní àwọn ibì kan kí ó lè fi hàn pé òun kọ́ ni òun pa ọkọ òun: kò fi ohunkóhun hàn ju ìwà òǹrorò àwọn tí ó gbé e fún un lọ.

Ìlù tí ó ti ń dún tẹ́lẹ̀

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 fìdí òwe yìí múlẹ̀ lọ́nà tí ó bani nínú jẹ́: nínú nǹkan bí obìnrin 87,000 tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa káàkiri ayé ní ọdún 2017, nǹkan bí 50,000 ni ó ti ọwọ́ ọkọ, olólùfẹ́ tàbí ẹbí wọn kú. Nítorí náà, kì í ṣe ojúsàájú bí ọlọ́pàá bá kọ́kọ́ bi ará ilé léèrè. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí kò lè dá ẹnì kan pàtó lẹ́bi. Ibi tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wò ni ó ń tọ́ka sí.

Ohun tí ó ń mú ìfura lágbára ni ìtàn ìlù tí ó ti wà nílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacquelyn Campbell ti Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn obìnrin tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ wọn pa, ó sì rí i pé àwọn àmì kan máa ń ṣáájú: ọkùnrin náà ti fún un lọ́rùn rí, ó ti fi ohun ìjà dẹ́rù bà á, ó ti sọ pé òun yóò pa á, ó ń ṣọ́ ìrìn rẹ̀, owú rẹ̀ kọjá ààlà, tàbí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde tàbí ó sọ pé òun fẹ́ kó jáde. Ẹ jẹ́ kí a tún ti fífún ní ọrùn sọ. Kì í fi àpá sílẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà àwọn ará ilé máa ń kà á sí ìjà kékeré, bẹ́ẹ̀ ó wà lára àwọn àmì tí ó burú jù lọ.

Báwo ni ìtàn ìlù ṣe ń di ẹ̀rí? Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń wọ́. Aládùúgbò yóò dé ilé ẹjọ́, yóò ní, “Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ó máa ń lù ú.” Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò béèrè pé, “Ìwọ rí i bí?” Yóò ní, “Rárá, ìyá tí ó ń ta ògì ni ó sọ fún mi.” Ẹ̀rí náà ti bọ́ sọnù. Ohun tí ènìyàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn kì í sábà wúlò, àfi ní àwọn ibi díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀; ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń kú lọ bá sọ nípa ohun tí ó pa òun. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá sọ pé, “Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, èmi gan-an gbọ́ tí ó ń ké pé ẹ gbà mí, mo sì rí i ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ojú wíwú,” ìyẹn ni ẹ̀rí. Ìwé ilé ìwòsàn jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá jẹ́ ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani lórí WhatsApp jẹ́ ẹ̀rí, bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí nígbà tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀. Àṣẹ ààbò tí obìnrin gbà ní ilé ẹjọ́ lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Lọ́wọ́ Ìwà Ipá Nínú Ilé ti ọdún 2007 jẹ́ ẹ̀rí ńlá.

Ó yẹ kí a sọ ìhà kejì pẹ̀lú. Ọkọ tí ó ń lu ìyàwó rẹ̀ lè má jẹ́ òun ni ó pa á. Ẹni burúkú ni, ó sì yẹ kí ó jìyà ìlù, ṣùgbọ́n bí aṣèwádìí bá ti fi ojú sí i lára láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí kò wo ibòmíràn mọ́, apànìyàn gidi lè máa jẹun lọ́wọ́ nílé kejì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nígbà tí ẹni tí wọ́n ń lù bá di afurasí

Ọ̀ràn tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Ọkọ ti ń lu ìyàwó fún ọdún mẹ́wàá. Ní òru ọjọ́ kan, ọkọ kú. Àpá ara rẹ̀, tí ì bá jẹ́ ẹ̀rí tí yóò gbè é bí òun ni ó kú, ti wá di ìdí tí wọ́n fi ń fura sí i. Àwọn ẹbí ọkọ yóò ní ó ti pẹ́ tí ó ti ń wá ọ̀nà àtigbẹ̀san.

Òfin wa ní ìdáhùn méjì. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu ní àkókò náà, tí kò sì lo agbára ju èyí tí ó tó láti gba ara rẹ̀ lọ, ìgbèjà ara ẹni ni. Kò jẹ̀bi rárá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìmúnibínú ńlá dé bá a lójijì, tí ó ṣe ohun tí ó ṣe kí ọkàn rẹ̀ tó rọ̀, ẹ̀sùn ìpànìyàn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú lè di ẹ̀sùn tí ó kéré sí i, tí ẹ̀wọ̀n jẹ́ ìjìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà “lójijì” ni ó ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin lóró, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń lù kì í sábà lè dáhùn lójú ìjà. Agbára wọn kò dọ́gba. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti jogún òfin yìí, ti bá ìṣòro kan náà pàdé nínú ẹjọ́ Kiranjit Ahluwalia, ẹni tí ó dáná sun ọkọ rẹ̀ ní ọdún 1989 nígbà tí ọkọ náà ń sùn. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un. Ní ọdún 1992 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ ìpànìyàn náà, nítorí pé ẹ̀rí tuntun fi hàn ipò tí ọdún mẹ́wàá ìlù ti sọ ọpọlọ rẹ̀ dà. Ohun tí ó gbà á sílẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó yẹ kí wọ́n ti gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lójú tiwa, ìdí tí ó lágbára jù lọ nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí wọ́n ń lù fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní àkọsílẹ̀ níbì kan nígbà tí gbogbo ènìyàn ṣì wà láàyè.

Àwọn ọmọ inú ilé

Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ báyìí, ọmọdé nìkan ni ó wà nínú yàrá kejì. Òfin gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 sọ ohun tí ó rí láìbúra, bí adájọ́ bá rí i pé ó ní òye tí ó tó, ó sì mọ̀ pé òtítọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn máa sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìkan kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi; a gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí mìíràn tí ó tì í lẹ́yìn. Nítorí náà, a bẹ àwọn ẹbí kí wọ́n má ṣe máa bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́, kí ìyá àgbà má sọ fún un ohun tí yóò sọ, kí bàbá àgbà ìhà kejì náà má sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ti kọ́ ní ọ̀rọ̀, agbẹjọ́rò yóò tú u wò nílé ẹjọ́, òtítọ́ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ yóò sì bá ti àkọ́sórí lọ. Kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tí ń rí sí Ìwà Ipá Nínú Ilé àti Ìfipábánilòpọ̀, tí òfin ọdún 2021 dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n mọ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé wà.

Bí ẹ bá gbọ́ igbe lóru, ẹ pe 112 tàbí 767 ní wákàtí náà, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ó bá ti di ikú, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu afurasí, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí àti aago tí ẹ rí i sílẹ̀ kí ẹ tó sùn. Ọlọ́pàá yóò fi ìwé ẹjọ́ náà ránṣẹ́ sí Ẹ̀ka Ìpẹ̀jọ́ ní Iléeṣẹ́ Ìjọba fún Ètò Ìdájọ́ ní Aláùsá, àwọn ni wọn yóò pinnu bóyá ẹ̀rí tó láti fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹnikẹ́ni, wọ́n sì lè ránṣẹ́ pe yín lẹ́yìn oṣù mélòó kan.